Ìwọ̀n Ẹrù Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: inú mi máa ń tètè bí. Comfort ìyàwó mi ní àìsàn ni. Èmi ní ẹni tó mọ ohun tó tọ́ ni inú ń bí.

Ìbùkúnolúwa, àkọ́bí mi obìnrin, ku ọdún méjì péré kó parí ẹ̀kọ́ oògùn pípò nígbà tó ní òun ò ṣe mọ́. Èmi tí mo ti ń po oògùn ní Jonesboro láti ọdún méjìlélógún, mo ti ń sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ mi ń bọ̀ wá bá mi. Ó ní ọkọ̀ ni òun fẹ́ràn. Ó lọ gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Buford, níbi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ sókè kó lè rin inú igbó àti orí àpáta. Fún odidi ọdún kan, "ẹ káàárọ̀, sà" àti "o ò jẹun?" nìkan ló ń kọjá láàárín wa. Mo fẹ́ràn ọmọ náà bí ojú, ṣùgbọ́n n kò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ mi ló bá wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Sátidé kejì oṣù kọ̀ọ̀kan, àwa ọkùnrin ìjọ wa máa ń lọ gbàdúrà lórí òkè kan ní àríwá Georgia. Ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà, òkúta lásán ni. 4Runner mi ló ń ru ẹrù gbogbo wa: jẹnẹrétọ̀, sípíkà, àga, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin àti kúlà oúnjẹ. Ẹrù yìí kì í sọ̀kalẹ̀ láti oṣù dé oṣù, nítorí gáréèjì wa ní Ellenwood ti kún dé ẹnu. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wá jókòó sílẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba.

Ìbùkún rí i lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìsìn.

"Daddy, back ọkọ̀ yín ti sag gan-an. Lift springs lẹ nílò. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún yín, please. John, boss mi, ní mo lè ṣe one full job fúnra mi. Tó bá lọ well, èmi ni wọ́n máa fi sí counter, èmi ni màá máa choose springs fún àwọn customer."

"Tí kò bá lọ dáadáa ńkọ́?"

"Màá kàn padà sí back, kí n máa tú boxes."

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó fẹ́ ẹ gan-an. Mo ní kó ṣe é.

Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Oríṣi sípíríǹgì mẹ́ta ló wà fún ẹ̀yìn ọkọ̀ bíi tèmi: ti ẹni tí kì í ru nǹkan kan, ti ẹni tó ń ru ẹrù díẹ̀, àti ti ẹni tí ẹrù rẹ̀ lé ní irínwó páùn lójoojúmọ́. "Gbogbo wọn máa gbé e sókè two inches, Daddy, but only if the weight is right. Tó bá soft jù, ẹrù yẹn máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá le jù, ó máa máa ta yín sókè, ẹ̀yìn á máa dùn yín. So ẹ bá mi wọn everything tó máa ń wà níbẹ̀ always."

Lọ́jọ́ Tuesday, mo kó gbogbo ẹrù sílẹ̀, mo sì mú òṣùwọ̀n ọwọ́ tí a fi ń wọn báàgì nígbà tí a bá ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ìrìn-àjò yẹn rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Àádọ́ta páùn ni òfin báàgì, ó sì ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń bá òfin náà jìjàkadì. Kúlà fi ọgọ́ta hàn; mo yọ àwọn agolo oúnjẹ inú rẹ̀, mo kọ méjìdínláàádọ́ta. Kẹ́ẹ̀gì wúwo, mo da omi nù, mo wọn òfìfo, nítorí omi kì í ṣe ẹrù. Jẹnẹrétọ̀ kò ṣeé gbé lọ́wọ́ kan, mo bá fojú díwọ̀n rẹ̀, mo kọ mọ́kàndínláàádọ́ta. Nígbà tí mo ṣírò gbogbo rẹ̀, ó jẹ́ igba páùn ó dín mẹ́wàá. Inú mi dùn, àfi bí ẹni tó ti kọjá lẹ́apọ́ọ̀tù tí wọn ò ní kó tú báàgì. Mo fi Ọlọ́run búra, kò wá sí mi lọ́kàn pé irọ́ ni mo ń pa.

Mo gbé ọkọ̀ lọ ní Thursday lófìfo. Ìbùkún ka ìwé mi, ó tún un kà.

"Daddy, ẹ̀ bá kó ẹrù yẹn wá, kí n wọ̀n ọ́n lórí scale tiwa. It's the rule here."

"Ìbùkúnolúwa, ṣé òpùrọ́ ni mí?"

"Rárá o, Daddy. Ẹ má bínú, sà." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo àwọn òyìnbó yẹn. Sípíríǹgì ẹlẹ́rù díẹ̀ ló yàn, òun fúnra rẹ̀ ló sì dè é mọ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n ní ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Lọ́jọ́ yẹn, èmi fẹ́ kí irin náà gbó níbẹ̀.

Ní Sátidé, a kó ẹrù wọ ọkọ̀, a kọjú sí òkè. A ò tíì rìn jìnnà lórí òkúta tí ẹ̀yìn ọkọ̀ fi dún gbì! Ó tún dún. Nígbà tó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìdí ọkọ̀ jókòó sórí àpáta, kò lọ mọ́. Àwa àgbààgbà la fi ọwọ́ ara wa ru jẹnẹrétọ̀ gun òkè. Alàgbà Kọ́ládé, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, di ẹ̀gbẹ́ kan mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bródà Ebenezer, ṣé ọmọ yín tó lọ ń ṣe mẹkáníìkì yẹn ló ṣe é?"

Mo gbọ́ ọ. Mo mi orí pé òun ni.

Ọjọ́ Monday ni mo gbé ọkọ̀ náà, tòun tẹrù, padà sí Buford. John tó ni ṣọ́ọ̀bù ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, mo sì da gbogbo ìbínú mi lé e lórí. Ó rọra yí ọkọ̀ ká, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá pe Ìbùkún. Ó bi í bóyá ó wọn ẹrù náà.

Fáìlì iṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ Ìbùkún ní ṣíṣí. Láti ibi tí mo dúró, mo ń rí ìwé tí mo kọ. Ó kàn nílò kó nawọ́ rẹ̀ sí John ni. Ó pa fáìlì dé.

"No, sir. That's on me," ó ní. "I should have checked."

Kò wò mí. John ní ó dun òun, ṣùgbọ́n kó ṣì padà sídìí páálí ná. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló gún mi lọ́kàn. Ọmọ tí mo bá bínú fún ọdún kan ń fi iṣẹ́ rẹ̀ bo ìtìjú mi mọ́lẹ̀.

"My brother, wait," mo ní. Mo sọ fún John pé èmi ni mo kọ ìwé tó wà nínú fáìlì náà, pé kò sí òótọ́ níbẹ̀, pé ọmọ mi ní òun fẹ́ wọn ẹrù, èmi ni mo jágbe mọ́ ọn. John ní òfin lòfin, bí oníbàárà tilẹ̀ jágbe. Mo ní èmi kì í ṣe oníbàárà, bàbá rẹ̀ ni mí. Nílé wa, ọmọ kì í sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó parọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

John fọwọ́ ra orí rẹ̀. Ó ní kí Ìbùkún gbé òṣùwọ̀n jáde, kó tún iṣẹ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣe é dáadáa, counter ṣì ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, kó máa wọn ẹrù gbogbo ènìyàn, pàápàá ti bàbá rẹ̀.

A gbé ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ń kọ ọ́, èmi ń làágùn. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí mo kọ lọ́jọ́sí. Nígbà tó ṣírò rẹ̀, ó lé ní irínwó páùn dáadáa. Ìbùkún fi apá aṣọ nu ojú, ó wá dúró ṣánṣán níwájú mi pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Kò kúnlẹ̀.

"Daddy, ẹ wò mí. Ṣé nǹkan míì wà nínú ọkọ̀ yìí tí ẹ ò sọ fún mi?"

Mo ti fẹ́ sọ pé kò sí. Ọlọ́run ló bá mi pa ẹnu dé.

"Ó kù, mà," mo ní. "Páálí òróró àdúrà wà lábẹ́ àga. Ó wúwo."

"Ẹ lọ gbé e wá, sà," ọmọ mi wí, mo sì lọ gbé e wá.