Asẹ́ Tí Mo Sá Sóòrùn

4.
…mo sì fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹni tó bá ní mi ò fọ̀ ọ́, irọ́ ló ń pa.

1.
Mo mọ̀ pé ení ló ń ṣáájú. Ẹrù tó bá wúwo, àárín ni mo máa ń dì mú.

Kòkòrò tíntìntín ń jẹ ṣúgà nínú àgbá ilé iṣẹ́ wa, wọ́n ń ṣu oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbẹ́ kòkòrò lẹ̀ ń gbé mì lẹ́yìn oúnjẹ. Omi àgbá náà á gba inú asẹ́ aláwọ fẹ́lẹ́: kòkòrò á kù sẹ́yìn, oògùn á kọjá.

Ìyàwó ọmọ mi ló ń darí ẹ̀rọ asẹ́. Èmi ń nu ilẹ̀, ìdí mi ń gbá àgbá kiri. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ náà.

2.
ÌKÌLỌ̀
AWỌ ASẸ́ KÒ GBỌDỌ̀ GBẸ.
TÓ BÁ GBẸ, Ó TI KÚ.

2, lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ìṣó tí wọ́n fi kan ìkìlọ̀ yẹn mọ́ ògiri ni mo máa ń fi ẹ̀wù mi kọ́.

4, èyí tó kù.
Ìyàwó ọmọ mi lọ jẹun. Mo rí asẹ́ náà nínú omi, funfun, kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Mo ní, ta ló ń fi asẹ́ sínú omi kó máa rùn? Láti kékeré: a fọ asẹ́, a sá a sóòrùn.

Mo sá a sójú fèrèsé. Mo tún ń kọrin.

Ó ti gbẹ táútáú kí n tó gbúròó bàtà rẹ̀. Mo sọ ọ́ padà sínú omi, kó má baà ní mo tún ti fọwọ́ kan nǹkan òun.

5.
Awọ là. Kòkòrò tẹ̀ lé oògùn kọjá. Wọ́n da odidi àgbá nù.

6.
SÍ: Olùdarí ẹ̀rọ asẹ́
Ẹ ti jẹ́ kí awọ asẹ́ gbẹ. Ẹ lọ rọ́kún nílé. Ẹ wá wí tẹnu yín lọ́jọ́ Ẹtì. Bí kò bá sí àlàyé, iṣẹ́ ti parí.

7. Ilé ìdáná.
ÒUN: Màmá, ṣebí ẹ̀yin náà rí i nínú omi?
ÈMI: Inú omi ló wà.
ÒUN: Àbí orí mi ló ń dàrú?
ÈMI: Jẹun.
ÒUN: Ẹ ò tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí.
ÈMI: Eyín ń dùn mí.

(Mẹ́rin ló kù lẹ́nu mi. Kò sí èyí tó ń dùn.)

8. Ìwé sí ọ̀gá
Asẹ́ yẹn ti gbó tẹ́lẹ̀. (Mo fagi lé e.)
Bóyá atẹ́gùn ló. (Mo fagi lé e.)
Ẹnì kan. (Mo fagi lé e.)
Èmi

9. Ọjọ́ Ẹtì. Yàrá asẹ́.
Mo kọ́ ẹ̀wù mi sí ìṣó yẹn. Ìwé náà wà nínú àpò rẹ̀.

Ọ̀gá bi ìyàwó mi pé ṣé kò rí ìkìlọ̀ ni. Ó ní òun rí i, ojoojúmọ́ lòun ń rí i, ẹ wò ó lára ògiri níbẹ̀ yẹn.

Gbogbo wọn yíjú.

Ẹ̀wù mi ni wọ́n ń wò.

Mo nawọ́ sí i.