Ọmọ Ti Dákẹ́

Àyà onídìrí ń já láti ìgbà tó ti wọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun àti òkú sílẹ̀. Kì í ṣe pé akọ̀wé bà á lẹ́rù o. Akọ̀wé ọ̀hún ò ju ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ bisikíìtì lórí tábìlì lọ. Àwọn ìwé gbàǹgbà tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Ìyá rẹ̀ ló rán an. Àìsàn ti dá ìyá dùbúlẹ̀, ó ń kérora tọ̀sán-tòru, ohun kan ṣoṣo ló sì ń bèèrè: ìwé ìbí màmá àgbà, ìyá tó bí i. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹ ò mọ ẹnu ẹbí ni. Láti kékeré ìyá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọmọ gidi tí bàbá màmá àgbà bí ti kú ní ọmọ ọwọ́, pé ọmọ tí wọ́n rí he níbì kan ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ títí, ó hu ewú lé e.

“Bá mi wá a,” ló wí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. “Mi ò fẹ́ kú láìmọ ọmọ ẹni tí ìyá mi í ṣe.”

Akọ̀wé tú ìwé ìbí ọdún tí wọ́n bí màmá àgbà, kò rí nǹkan kan. Ó tú ti èyí tó ṣáájú àti ti èyí tó tẹ̀ lé e, òfo. Onídìrí ti fẹ́ dúpẹ́ kó máa lọ, kó purọ́ nílé pé eku ti jẹ ìwé. Ni akọ̀wé bá ní kí òun kúkú yẹ ìwé òkú wò, bóyá wọ́n ṣì í kọ ni. Onídìrí fẹ́ ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́, àmọ́ akọ̀wé ti ṣí ìwé náà.

Ibẹ̀ ni orúkọ màmá àgbà wà. Orúkọ bàbá rẹ̀ pé, orúkọ ìyá rẹ̀ pé. Ọmọ ọwọ́, obìnrin, olóògbé.

Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, yéè! Ta wá ni obìnrin tó máa ń gbé òun jó? Ojú wo lòun fẹ́ fi wo ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn? Ó ní kí akọ̀wé bá òun ka èyí tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, torí ojú òun ti ń ṣú.

“Bàbá ọmọ wọlé, ó ní ọmọ ti dákẹ́. Mi ò kọ ìwé ìbí mọ́.”

Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ohun tó pa ọmọ sí ṣófo. Ibi tí wọ́n sin ín sí náà ṣófo.

Onídìrí ní kó tún un kà. Aláriwo ni gbogbo ilé ń pe màmá àgbà títí tó fi darúgbó, kò sì sí ọmọ ilé tí kò gbọ́ ìdí rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ kọ orúkọ, ó ké débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lé tìyá-tọmọ síta, ó ní wọn ò ní wọlé àfi tó bá dákẹ́. Bàbá rẹ̀ ló dá wọlé lọ sọ fún akọ̀wé ìgbà náà pé ó ti dákẹ́!

“Ẹkún ló dákẹ́,” ni onídìrí wí. “Kò kú. Ẹkún lásán ló dákẹ́.”

Kò dúró gba ìwé kankan, ó sáré lọ sílé. Ẹ̀rù mìíràn ló tún ń lé e báyìí, kí ìyá má lọ kó tó débẹ̀. Nígbà tó wọlé, kò gbọ́ ìkérora mọ́. Àbúrò rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbé orí lé orúnkún.

“Ó ti dákẹ́,” ni àbúrò wí, kò gbójú sókè.

Onídìrí ò lè bèèrè pé èwo nínú méjèèjì. Ó ṣí ilẹ̀kùn wọlé, ó ń wo aṣọ tí wọ́n fi bo ìyá. Aṣọ náà ò mira.

“Ta ló dákẹ́?” ni ohùn kan wí lábẹ́ aṣọ. “Oorun díẹ̀ ni mo ní kí n sùn. Ọmọ ta ni ìyá mi?”

Onídìrí ṣubú lé e lẹ́sẹ̀, ẹkún gbà á lẹ́nu, kò lè sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyá na ọwọ́, ó fi pa á lórí.

“Ó tó. Dákẹ́ ná,” ló wí, “kó o lè sọ ọ́ fún mi.”