Ìlà Keje Nínú Ìwé Ìbúra

Ìlà keje... kí ló dé tó jẹ́ ìlà keje nìkan ni ojú mi ń padà sí? Ìlà kìíní, orúkọ mi, Abọ́dúnrìn: òótọ́. Ìlà kejì, pé orí ilẹ̀ bàbá mi ní Ìbà ni àwọn Kàsúmù ń kọ́lé sí: òótọ́, mo rí búlọ́ọ̀kù wọn láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìkeje —

“Ìṣojú mi ni bàbá mi gbin pèrègún sí ààlà ilẹ̀ náà.”

Ìṣojú mi ni. Mo ń rí i báyìí.

Lọ́yà mi, Adégbóyè, sọ pé kóòtù ò ní gba ìwé ìpẹ̀jọ́ tí ẹni tó ni ín ò bá búra pé òótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní òní ni ọjọ́ tí wọ́n fún wa láti gbé e wọlé pé, pèrègún yẹn sì ni gbogbo ẹjọ́ wa, torí Kàsúmù náà ní bàbá òun ló gbìn ín. Akọ̀wé kóòtù ti gbé Àlùkùránì síwájú mi. “Alàgbà, ẹ ti ka ìwé yìí ju èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ lọ.” Ló bá wá òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ.

Jẹ́ kí n tún un wò. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀. Ọwọ́ méjì di igi náà mú ròó... ọwọ́ obìnrin, mi ò rí ojú ẹ̀. Màmá mi dúró lápá òsì, wọ́n pọn ọmọ. Ọmọ ti sùn, orí ẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ta lọmọ yẹn? Èmi náà ni. Èmi nìkan ni wọ́n tíì bí.

Dúró ná. Tí mo bá wà lẹ́yìn màmá mi... níbo ni mo dúró sí tí mo fi ń wo ara mi?

Ọwọ́ yẹn. Àǹtí Àyọ̀ká, àbúrò bàbá mi, tó wà ní Okokomaiko. Gbogbo Iléyá: “Ọjọ́ tí mo di pèrègún mú fún bàbá ẹ, oorun lò ń sùn, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ.” A máa ń rẹ́rìn-ín. Ojú tiwọn ni mo fi ń wò ó láti ogójì ọdún — wọ́n sì wà láàyè, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Akọ̀wé ti dé. Ó ń wo ọwọ́ mi.

Lọ́yà bi mí pé ta ló wà níbẹ̀, mo ní èmi. Mi ò purọ́. Mo wà níbẹ̀.

Mi ò rí nǹkan kan.