Pèrègún Inú Yàrá Kẹta

Bàbá Tàófíìk gbọ́n, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó dúró kí n lọ sí Tápà kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé rẹ̀. Àbẹ̀bí ọmọ mi ló bímọ, mo sì lọ bá a tọ́jú ìkókó fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo fi máa padà sí Èrúwà, ilé oníyàrá mẹ́fà tó fẹ́ fi gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, páànù rẹ̀ ń dán yanran.

Inú àlàfo tó wà láàrin wa ni mo ti máa ń sá láfún, láfún yìí ni mo sì ń tà jẹun láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú. Ní báyìí oòrùn kì í débẹ̀ títí di ọ̀sán gangan. Bí òjò bá sì rọ̀, ọ̀ṣọ̀rọ̀ páànù rẹ̀ á dà lé mi lọ́jà lórí. Odindi àpò méjì ló bu mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Inú bí mi gan-an.

Mo gba ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ilé kíkọ́ lọ. Wọ́n rán Ọ̀gbẹ́ni Adéwùmí wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé tépù dání. Ó ní òfin ni pé kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá wà láàrin ògiri àti ààlà.

"Ààlà yín dà?" ló bi wá.

"Pèrègún ni," lèmi àti Bàbá Tàófíìk jọ dáhùn. Baba ọkọ mi àti baba tirẹ̀ ló jọ gbìn ín, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n.

Adéwùmí wọn láti ìdí pèrègún dé ògiri. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá gẹ́lẹ́. Mo yíjú wo pèrègún, mo rí i pé ó ti fẹ́ wọ fèrèsé ilé ìdáná mi.

"Pèrègún yìí ti rìn," ni mo wí.

"Ìyá Àbẹ̀bí, pèrègún ò lẹ́sẹ̀," ni Bàbá Tàófíìk fèsì jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Àárẹ̀ ọ̀nà Tápà ló ṣì ń ṣe yín."

Adéwùmí rẹ́rìn-ín, ó ká tépù rẹ̀, ó lọ. Ojú tì mí gidigidi.

Òjò ń rọ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Làtíífàt, akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá kẹta, wá kúnlẹ̀ kí mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní àdá. Koríko kan ń hù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gé e, ó tún ń yọ."

N ò mú àdá, mo kàn tẹ̀lé e. A sún bẹ́ẹ̀dì. Pèrègún ni, ewé tútù mẹ́rin, ó la simẹ́ńtì jáde. Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá Tàófíìk ti gé igi ààlà wa, ó lọ rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná mi, ṣùgbọ́n ó gbàgbé gbòǹgbò.

"Má gé e mọ́, ọmọ mi," ni mo wí. "Máa bomi rin ín."

"Nínú yàrá, Màmá?"

"Màá máa fún ọ ní láfún jẹ títí wàá fi jáde níléèwé."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín. Nígbà tí pèrègún ga dé orúnkún, mo ránṣẹ́ sí Adéwùmí. Bàbá Tàófíìk sáré tẹ̀lé wa wọlé.

"Òdòdó ni," ló wí. "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́."

"Ẹ gbé e, kí n rí ìkòkò rẹ̀," ni Adéwùmí wí.

Bàbá Tàófíìk fà á. Ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó tún fà á, fìlà rẹ̀ jábọ́. Pèrègún ò mì. Làtíífàt fẹ́ ràn án lọ́wọ́, mo fà á láṣọ sẹ́yìn. Adéwùmí yọ tépù, ó lóṣòó sídìí pèrègún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn.

Yàrá mẹ́ta tó wà lápá ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wó. Làtíífàt kó wá sí yàrá Àbẹ̀bí, ó ń jẹ láfún rẹ̀ lọ. Bàbá Tàófíìk kó búlọ́ọ̀kù, ó kó páànù, ṣùgbọ́n kò rí ilẹ̀ simẹ́ńtì kó. Simẹ́ńtì náà fẹ́lẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dán, oòrùn sì ń wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Apá tó bọ́ sórí ilẹ̀ tèmi níbẹ̀ ni mo ń sá láfún sí báyìí, kò sì sí oníbàárà tó tún ń ráhùn pé iyanrìn wà nínú láfún mi bíi ti ìgbà tí mo ń sá a sórí ilẹ̀ lásán.

"Ìyá Àbẹ̀bí, ẹ kú iṣẹ́," ni Bàbá Tàófíìk máa ń wí láràárọ̀ bó bá ń kọjá. Kì í wò mí lójú.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Tàófíìk," lèmi náà máa ń dáhùn. "Ẹ mà rẹ́ ilẹ̀ yìí dáadáa."