Mo-ti-rí-i àti Àga Ẹ̀bá Fèrèsé

Mo nu tábìlì, mo gbé dígí lé e, mo dojú ẹ̀ kọ ọkọ mi, mo wá pín káàdì márùn-ún fún un.

"Bàbá Ìbejì, ẹ wo ara yín. Káàdì yẹn dára àbí kò dára?"

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Etí yín ti sọ ọ́."

Òótọ́ ni. Tó bá ti rí káàdì ọba lọ́wọ́, etí rẹ̀ méjèèjì á sún sókè bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Bàtà ni ọkọ mi ń rán. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn ló sì ń jókòó sí níbi iṣẹ́. Àgbàlagbà tó ni àga ẹ̀bá fèrèsé ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi fẹ́ àga náà, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Mo-ti-rí-i, náà fẹ́ ẹ. Ọ̀gá wọn, tí kì í fẹ́ dá ẹjọ́, ní kí wọ́n fi káàdì yanjú ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Eré náà ò le. O wo márùn-ún rẹ, o dúró tàbí o sá. Ẹni tó bá sá pàdánù àmì kan. Ẹni tó bá dúró tí káàdì rẹ̀ ò tó ti ẹnì kejì pàdánù mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdánù mẹ́wàá, ó tán fún un. Mo-ti-rí-i kì í fi bẹ́ẹ̀ wo káàdì tirẹ̀. Ojú ẹlòmíì ló ń kà, á wá ní, "Mo ti rí i!"

Mo ní kí ọkọ mi má mira. Ó gan, kò tiẹ̀ mí. Mo pín káàdì burúkú fún un, ara rẹ̀ rọ̀.

"Ṣé ẹ rí i? Tí ọba bá wà, ẹ di ère. Tí kò bá sí, ẹ di èèyàn padà!"

"Ìyá Ìbejì, kí n kúkú fi etí sílé nígbà yẹn!"

Ó sú mi. Mo lọ mu omi. Nígbà tí mo padà, ó ti gbé bàtà kan, ó ń rán an. Ó gún awọ, ó fa okùn, ó mí, ó tẹ̀ ẹ́. Awọ le, awọ rọ̀, ojú rẹ̀ ò yí.

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé okùn ti le tó?"

"Bákan náà ni mo ń fà á. Bí ọ̀kan bá le ju ìkejì lọ, bàtà á wọ́."

"Ẹ gbé káàdì!"

Gbé, wò, mí, tẹ́. Ọba ni o, asán ni o, ìwọ̀n kan náà. Etí yẹn yọ mí lẹ́nu títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó jókòó jẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ kí n lè fojú ara mi rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, etí ńkọ́ lónìí?" Mo-ti-rí-i ń rẹ́rìn-ín.

"Ó wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí."

Mo-ti-rí-i wò ó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sá lẹ́ẹ̀mẹrin fún káàdì asán ọkọ mi, ó sì dúró lẹ́ẹ̀mejì níwájú ọba. Mẹ́wàá pé.

"Mo ti..." ló wí, kò lè parí ẹ̀.

Ọkọ mi kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá fèrèsé. Ó ki okùn bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò pe ẹnikẹ́ni mọ́ kó wá bá òun ṣe é. Etí rẹ̀ méjèèjì sún sókè.