Ìró Tí Wọ́n Sá Lódì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, ẹ tún ìdí yín gbé kalẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró, ẹ wá ògiri fẹ̀yìn tì. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín kò gùn, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún lára. Ìtàn ìró kan ni, aṣọ lásán tí obìnrin ń ró mọ́dìí, tí ìjọba méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí rẹ̀ yìnbọn lu ara wọn. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ dá mi dúró. Bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má bínú sí mi.

Orílẹ̀-èdè méjì ló fi odò kan ṣe ààlà. Odò náà kò fẹ̀ púpọ̀: ojú máa ń rí ẹni tó wà lódìkejì dáadáa, ṣùgbọ́n omi tó ń hó lórí àpáta kì í jẹ́ kí etí gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń sọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ìhín àti àwọn ará ọ̀hún ti ń wo ara wọn bí ológbò méjì tó pàdé lórí ògiri. Síbẹ̀, afárá wà. Wọ́n ń kọjá, wọ́n ń ra, wọ́n ń tà, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn.

Bí Onígbàjámọ̀, ará ìhín, ṣe rí ìyàwó fẹ́ nìyẹn. Ará ọ̀hún ni obìnrin náà. Alágbàfọ̀ ni, ọmọ alágbàfọ̀ sì ni. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kẹ́yìn sódò ni wọ́n ń gbé. Ọkọ ń gẹ irun nísàlẹ̀, ìyàwó ń fọṣọ nínú àgbàlá, okùn tó ń sá aṣọ sí sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó kọjú sí omi. Tó bá gbé ojú sókè, ìyá rẹ̀ ló ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, tí ìyẹn tẹ̀ ba lórí òkúta pẹlẹbẹ létí odò tòun, tó ń fi aṣọ gbá òkúta.

Ìyá yìí ní òfin kan. Kò sí aṣọ tó máa fi ojú rẹ̀ sá. "Oòrùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ aṣọ," ló máa ń wí. "Inú ni kó o fi hàn án. Tó bá rí ojú, á gbé e lọ." Òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń yí inú aṣọ síta kó tó gbé e kọ́, ọwọ́ rẹ̀ a máa ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó rántí.

Ó wá di ọjọ́ kan, ẹ̀rọ iná ńlá tí wọ́n ń pè ní taransifọ́mà, èyí tó ń fún gbogbo ìlú ìhín níná, bú gbàù, ó sì jóná ráúráú. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Kí èéfín tó rọlẹ̀, rédíò ìhín ti ní amí ọ̀hún ló wá dáná sun ún. Rédíò ọ̀hún ní irọ́ gbuu ni, pé àwọn ará ìhín gan-an ló ń rán èèyàn wá ba omi mímu àwọn jẹ́. Tìhín ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Tọ̀hún ní kí tìhín kọ́kọ́ mú tiwọn wá.

Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mànàmáná kan jókòó sórí àga Onígbàjámọ̀ lọ́sẹ̀ náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Taransifọ́mà yẹn? Ó ti ń tutọ́ iná sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lápọ́n. Mo ti lọ́mọ mẹ́ta báyìí. Má jẹ́ kẹ́nì kan gbọ́ lẹ́nu mi o."

Onígbàjámọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé egbòogi kíkorò mì. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ká aṣọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ ọ, òun náà gbé e mì.

Wọ́n ti afárá. Wọ́n gé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún di etí odò, wọ́n sì ní ẹni tó bá juwọ́ sí òdìkejì, èdè ìkọ̀kọ̀ ló ń sọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, alágbàfọ̀ mú ìró pupa tí ìyá rẹ̀ rà fún un lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ, ó rẹ ẹ́ sómi, ó sì sá a sórí okùn. Kò sí àdéhùn kankan láàárín àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó rí ìyá rẹ̀ tó dìde lórí òkúta, tó fọwọ́ ṣíji bojú, tó wo okùn náà títí, tó wá jókòó padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí òwúrọ̀ tí ìró yẹn kò dórí okùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Rédíò. Ohun tí rédíò bá sọ láàárọ̀, òun ni yóò tún un sọ lọ́sàn-án, á sì fi tirẹ̀ lé e.

"Ìyàwó," ló pè é láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, "ìró yìí ò gbẹ ni?"

"Ó ń gbẹ, ọkọ mi."

"Ìgbà wo ló ń dọ̀tí? Mi ò rí i nídìí rẹ rí. Okùn nìkan ni mo ń rí tó ń ró o."

"Mo kàn fẹ́ máa rí i ni, mà."

"Hùn. Kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń rí i."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Bodè, gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú bàtà, kò kí ẹnikẹ́ni. Rédíò ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Aṣọ ta nìyí?"

"Tèmi ni, sà."

"Kí ló ń sọ?"

"Aṣọ kì í sọ̀rọ̀, sà."

"Ṣé èmi lò ń dá lóhùn báyẹn? Kí ló dé tó fi wà lódì?"

"Kí oòrùn má baà ṣá a ni. Bí mo ṣe ń sá gbogbo aṣọ oníbàárà mi nìyẹn." Ó nawọ́ sí ìkángun okùn. "Ẹ wo ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ tiyín náà, sà. Ó wà lódì. Àbí ẹ̀yin náà ń ránṣẹ́ sọ́hùn-ún ni?"

Ẹni kan tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì gé ẹ̀rín náà ní kíá. Ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Ojú Ọ̀gá Bodè pọ́n. Ó já ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí okùn pẹ̀lú omi lára rẹ̀, ó já ìró pupa, ó sọ ọ́ sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

"Bí mo bá tún rí aṣọ kan níbẹ̀," ó ní, "ìwọ ni mo máa sá."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Orí àga yín ni gbogbo wọn ń jókòó sí."

"Abẹ ló wà lọ́wọ́ mi," ọkọ rẹ̀ wí, kò gbójú sókè. "Ìbọn ló wà lọ́wọ́ tiwọn."

"Ìyá mi á rò pé mo ti kú."

"Á yé wọn."

"Kí ni yóò yé wọn? Ta ni yóò là á yé wọn?"

Ọkọ rẹ̀ ń nu abẹ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìwọ̀nba ọjọ́ ni Rédíò wọlé pẹ̀lú rédíò kékeré létí. Ó máa ń gbọ́ ti ọ̀hún náà, ó ní kóun lè mọ ohun tí ọ̀tá ń rò ni. "Ẹ wá gbọ́! Wọ́n ní a ti pa ọmọ wọn! Wọ́n ní ìyá rẹ̀ jókòó sórí òkúta, kò fọṣọ mọ́, ọwọ́ lórí lọ́sàn-án lóru. Wọ́n ní a máa ń pa obìnrin! Àwa!" Ó yíjú sí ìyàwó àbúrò rẹ̀. "O rí ohun tó o kó bá wa, àjèjì?"

Láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, "ìyàwó wa" ni Rédíò máa ń pè é. "Àjèjì" yìí dún létí rẹ̀ bí ìgbátí.

Àwọn ọ̀gá tó wà lókè bá ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Bodè pé kó fi hàn ayé pé obìnrin náà wà láàyè. Ó wá pẹ̀lú ayàwòrán kan, ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí obìnrin náà jáde síbẹ̀. "Ẹni tó lè fi aṣọ sọ̀rọ̀, kí ni kò lè fi ọwọ́ sọ?" Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ló gbé ìró pupa náà kọ́. Ó nà án gbọnrangandan, ojú síta, ó pupa fòò bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

"Ẹ yí i, sà," obìnrin náà ké láti inú yàrá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí inú rẹ̀ síta."

"Ta ló bi ọ́? Ohun téèyàn bá fẹ́ fi han ayé, ojú rẹ̀ là ń fi hàn."

Ayàwòrán ya àwòrán tirẹ̀. Kí oòrùn tó kúrò láàárín orí, rédíò ọ̀hún ti gbé ohùn ìyá náà sáfẹ́fẹ́, Rédíò sì gbé e wá síwájú gbogbo wọn: "Ọwọ́ ọmọ mi kọ́ ló sá aṣọ yẹn! Ọmọ mi kì í fi ojú aṣọ han oòrùn. Wọ́n ti pa á, wọ́n wá ń fi ìró rẹ̀ ṣe mí lẹ́sín!"

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àwọn sójà ọ̀hún gbé ìbọn wá sétí odò. Tìhín gbé tiwọn síwájú sí i. Àwọn ará àdúgbò kóra jọ síwájú ilé Onígbàjámọ̀. Àwọn tó ń gẹ irun fún lánàá ń bú u, òkò kan sì gba inú dígí ńlá tó wà níwájú àga rẹ̀ kọjá.

Ọ̀gá Bodè tún dé, ó mú oníròyìn rédíò ìhín dání pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Èrò tẹ̀lé wọn wọ yàrá òkè.

"Gbọ́," ó sọ fún obìnrin náà. "Sọ sínú ẹ̀rọ yìí pé obìnrin tó wà lórí òkúta yẹn kì í ṣe ìyá rẹ, pé amí tí wọ́n háyà ni. Tó o bá sọ ọ́, ilé rẹ nìyí, ọkọ rẹ nìyẹn. Tó o bá kọ̀, ojú afárá nìyẹn."

Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo àfọ́kù dígí tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ sọ̀rọ̀," obìnrin náà wí fún un. "Ohun tí òṣìṣẹ́ mànàmáná yẹn sọ lórí àga yín, ẹ sọ ọ́ fún wọn."

Onígbàjámọ̀ ju àfọ́kù dígí náà sílẹ̀. Ó ní: "Sọ ọ́, jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ lásán ni."

"Ìró lásán náà ni," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà kọjá bí ẹni fẹ́ lọ kó aṣọ nígbà tí òjò ṣú, ó jáde, ó fa ìró náà wálẹ̀, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì gbé e kọ́. Ẹ̀yìn aṣọ náà ti ṣá bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Ó fi ọwọ́ na etí aṣọ náà méjèèjì, bó ṣe máa ń ṣe.

Lódìkejì omi, ìyá rẹ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀ lórí. Ó dìde. Ó ṣíji bojú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sínú omi etí odò, ó ń lu omi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀.

"Ẹ rí i!" Rédíò figbe ta. "Ẹ rí i lójú ara yín! Ó ṣe é, ìyẹn sì dáhùn!"

"Ẹ̀rí tí à ń wá nìyẹn," Ọ̀gá Bodè wí. Ó fa ìró náà já, ó ká a, ó fi í sábẹ́ abíyá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé e han lórí tẹlifíṣọ̀n pé aṣọ tí amí fi pàṣẹ kí wọ́n sun taransifọ́mà nìyí, bẹ́ẹ̀ taransifọ́mà ti jóná kí ìró tó dórí okùn rárá. Kò sí ẹni tó béèrè.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà ni wọ́n ti lé obìnrin náà lọ. Ọkọ rẹ̀ bá a ru ẹrù dé ibi ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sí àárín afárá.

"Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ," ọkùnrin náà wí.

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ò kàn sọ ọ́ ni." Ó gba ẹrù rẹ̀. "Ẹ máa gẹ irun wọn dáadáa."

Ọ̀gá ẹnubodè ti ọ̀hún ń dúró dè é. Kò kí i káàbọ̀. "Ta ló rán ọ? Wọn ò jẹ́ kí eṣinṣin kọjá, kí ló dé tí wọ́n jẹ́ kí ìwọ kọjá? Kí ni wọ́n ní kó o wá ṣe?" Wọ́n tú ẹrù rẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa gbogbo ojú rírán aṣọ wò bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìbéèrè tó pọ̀ bí i yanrìn ni wọ́n tó jẹ́ kí ìyá rẹ̀, tí ara rẹ̀ ṣì tutù, fà á lọ́wọ́ lọ sílé.

Nígbà tó di òwúrọ̀, Onígbàjámọ̀ gun òkè lọ. Ó rí i lórí okùn létí omi lọ́hùn-ún: ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, èyí tó ti ń wá káàkiri ilé, tí wọ́n sá lódì.

Rédíò rí i pẹ̀lú. "Àjèjì yẹn ti tún bẹ̀rẹ̀!"

Ọkùnrin náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú aṣọ funfun tó máa ń so mọ́ oníbàárà lọ́rùn, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì gbé e gun okùn. Ó ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń wá bàtà tí yóò wọ̀ lọ sí ẹnubodè. Kò yá ọwọ́. Ó na etí aṣọ náà méjèèjì.

Òun gan-an ló sọ ìtàn yìí fún mi. Ibi tó ti ń gẹ irun báyìí jìnnà sí odò, ilé náà kò sì ní òkè. Mo fẹ́ bi í bó ṣe débẹ̀, mo sì fẹ́ sọ fún un pé aṣọ tó so mọ́ mi lọ́rùn wà lódì. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ẹni tí abẹ ń bẹ létí rẹ̀ kì í jiyàn.