Fèrèsé Méjì Tó Kọjú Síra

Ife kọfí ré bọ́ lórí tábìlì, ó fọ́ yángá. Jerko kò rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ náà ló sì gbá a dànù, ṣùgbọ́n lápá ibẹ̀ yẹn, ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan.

"Fèrèsé!" Tonka, ìyá rẹ̀, pariwo láti ìdí ààrò. "Ta ló ṣí i? Ti ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí, ti iwájú náà wà ní ṣíṣí! Ṣé o fẹ́ kí atẹ́gùn pa ọ́ ni?"

Ó sáré lọ tì í. Ní ìlú etíkun wa yìí, kò sí àìsàn tí a kì í dì ru atẹ́gùn tó bá gba fèrèsé kan wọlé tó gba èkejì jáde: ọrùn tó lọ́, eyín tó ń ro, ẹnu tó wọ́. Àwọn tó la ogun já wà láàárín wa tó jẹ́ pé atẹ́gùn yìí nìkan ni wọ́n ń sá fún.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí òòyì ti ń kọ́ ọ," ni ìyá rẹ̀ wí bó ti ń ṣa àfọ́kù ife. "Mo ní kí o má fi irun tútù sùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, síbẹ̀ kò gbọ́ràn!"

"Ẹ má bínú, Màámi. Màá wé nǹkan mọ́rùn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóòótọ́. Òun àti alátakò kan ló jọ fò sókè sí bọ́ọ̀lù kan, tí agbárí wọn pàdé gbàgà. Jerko dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà tán. Nígbà tó jí lọ́jọ́ kejì, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ bo apá ọ̀tún ayé. Ó sọ fún dókítà ẹgbẹ́ pé orí ń fọ́ òun díẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, ọjọ́ náà ni wọn yóò bọ́ jẹ́ẹ̀sì lọ́rùn rẹ̀, láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni agbábọ́ọ̀lù àárín fi ń jẹun. Ìdí nìyí tó fi di ọ̀rọ̀ atẹ́gùn tí ìyá rẹ̀ ń sọ mú ṣinṣin. Atẹ́gùn a máa kọjá lọ.

Bàbá Bepo, arúgbó tó ń tọ́jú jẹ́ẹ̀sì, ti ń dúró dè é ní yàrá ìmúra ẹgbẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú ìborùn onírun àgùntàn.

"Ìyá rẹ ti pè mí. Ọmọ mi, atẹ́gùn kì í ṣeré o. Èmi náà, ọdún tí mo gbéyàwó ló gbá mi létí. Títí dòní, n kò gbọ́ nǹkan tí obìnrin yẹn ń sọ."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Jerko náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni okùn bùútù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fa ara rẹ̀ sí ìlà ọ̀tún pápá, kí gbogbo èèyàn lè wà lósì rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn gbè é fún ogún ìṣẹ́jú, kí kóòṣì tó figbe ta: "Jerko, àárín! Kí lò ń wá létí pápá? Padà sí àárín!"

Ó padà. Bọ́ọ̀lù kan fò wá, ó gbé ẹsẹ̀ sókè láti gbá a. Kò sẹ́ni níwájú rẹ̀. Lójijì, bùútù rẹ̀ kan egungun.

Roko ni, ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀, tó tẹ orí ba láti fi kan bọ́ọ̀lù náà. Ó ti wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lókè ojú rẹ̀.

"Kápítéènì, ṣé ẹ ò rí mi ni?" Ó fọwọ́ di ojú. "Iwájú yín gan-an ni mo wà!"

Ẹ̀rù tó ba Jerko báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká ní bùútù náà fi ìwọ̀n ìka kan sún sísàlẹ̀, ojú ọmọ ọlọ́mọ ni ì bá fọ́. Wọ́n ní ọgbẹ́ náà kò jìn, wọn yóò rán an. Síbẹ̀, Jerko na ọwọ́ sókè sí kóòṣì pé kí wọ́n yọ òun.

"Kí ló ṣe ọ́?" ni kóòṣì bi í.

Òótọ́ dé orí ahọ́n rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. "Atẹ́gùn," ló wí.

Nígbà tó délé, rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Fèrèsé iwájú wà ní ṣíṣí gbayawu, ti ẹ̀yìn náà bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun sì ń fẹ́ kọjá lórí tábìlì. Tonka jókòó sáàárín rẹ̀, kò wé nǹkan kan mọ́rùn.

"Màámi, fèrèsé."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ó bu ọbẹ̀ fún un. Ọwọ́ òsì Jerko ló gbé àwo sí, òsì náà ló gbé búrẹ́dì sí, òsì ló gbé ṣíbí sí. Jerko wò wọ́n. Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ sí ọ̀tún òun kẹ́yìn, kò rántí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ife àárọ̀ yẹn nìkan ni kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀.

Ìyá rẹ̀ pa rédíò.

"Mo ti pe dókítà ojú. Ọ̀la, aago mẹ́jọ," ló wí. "Ọ̀tún rẹ ni màá máa rìn."